Ta Ni Ká Pè Ní Akọni Ilẹ̀ Wélsì?

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ Ìlú Ọba, a máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé irú òyìnbó kan ṣoṣo, elédè kan ṣoṣo, ló ń gbé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní apá ìwọ̀-oòrùn erékùṣù náà ni ilẹ̀ Wélsì wà. Cymru ni àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pe ilẹ̀ wọn, Cymraeg ni wọ́n sì ń pe èdè wọn. Èdè yìí kì í ṣe ẹ̀ka èdè Gẹ̀ẹ́sì rárá. Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ti òkè òkun wọ erékùṣù náà ni àwọn tó ni ìpìlẹ̀ èdè yìí ti tẹ̀dó síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka àwọn ènìyàn ilẹ̀ náà ní ọdún 2021, wọ́n lé díẹ̀ ní 3,100,000.

Bí ẹ bá ṣí ìwé tó ń sọ ìtàn àwọn ènìyàn pàtàkì tí Wélsì ti bí, àwọn orúkọ kan wà tí kì í wọ́n níbẹ̀: David Lloyd George, Aneurin Bevan, Dylan Thomas, Richard Burton. Òkìkí wọn kàn dé ibi gbogbo. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé, níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni wá, orúkọ tó yẹ kó ṣíwájú lẹ́nu wa kò sí nínú àwọn mẹ́rin yìí. Orúkọ náà ni ti Eileen Beasley, obìnrin olùkọ́ kan, àti ti ọkọ rẹ̀, Trefor, tí ó ń wa èédú lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ mi, kí ẹ wá dá a.

Kí n má baà ṣe àbòsí, n óò kọ́kọ́ fún oníyì ní iyì rẹ̀. Lloyd George ni olórí ìjọba Ìlú Ọba láti ọdún 1916 sí 1922. Llanystumdwy, abúlé kan ní àríwá Wélsì, ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, lọ́dọ̀ arákùnrin ìyá rẹ̀ tí ó jẹ́ oníṣẹ́ bàtà. Títí di òní, òun nìkan ni olórí ìjọba Ìlú Ọba tí ó jẹ́ pé èdè Wélsì ló kọ́kọ́ yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu kó tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bevan jẹ́ ọmọ ìlú Tredegar. Ọmọ awa-èédú ni, òun náà sì fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 13, ó lọ ń wa èédú. Òun ni mínísítà tó dá ètò ìlera ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 1948, tí olówó àti tálákà fi ń gba ìtọ́jú lọ́gbọọgba ní ilé ìwòsàn. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò tóbi, ó ń purọ́ ni.

Dylan Thomas, ọmọ Swansea, kọ ewì tí gbogbo ayé ń kà, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ gbogbo rẹ̀. Bàbá àti ìyá rẹ̀ gbọ́ èdè Wélsì, ṣùgbọ́n wọn kò fi lé ọmọ lọ́wọ́. Burton, òṣèré orí ìtàgé àti sinimá, ń jẹ́ Jenkins nígbà tí wọ́n bí i ní Pontrhydyfen. Èdè Wélsì ni wọ́n ń sọ nílé wọn. Ó gba orúkọ olùkọ́ rẹ̀, Philip Burton, ohùn tí ó sì fi di gbajúmọ̀ jẹ́ ohùn Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi jọra: ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbà di ẹni tí ayé mọ̀. N kò dá wọn lẹ́bi. Ibi tí ọjà bá ti ń tà ni ọlọ́jà ń gbé ẹrù rẹ̀ lọ. Ìbéèrè tó kù ni pé: ta ló sọ ọ̀nà kejì di igbó, tí ọmọ tó bá ní làákàyè kò fi lè gbà á mọ́? Ta ló sì tún un ro?

Òfin ló kọ́kọ́ dí ọ̀nà náà. Ní ọdún 1536, nígbà ayé Ọba Henry Kẹjọ, wọ́n fi òfin so Wélsì pọ̀ mọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òfin náà sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò máa lò ní ilé-ẹjọ́, àti pé ẹni tí kò bá lò ó kò gbọdọ̀ di ipò ìjọba kankan mú nílẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀, púpọ̀ jù lọ nínú àwọn ará Wélsì ìgbà náà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ní ọdún 1847, ìjọba gbé ìwé ìwádìí kan jáde lórí ètò ẹ̀kọ́ ní Wélsì. Ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta ni wọ́n rán níṣẹ́ náà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gbọ́ èdè àwọn tí ó lọ wádìí. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé èdè náà ló ń fa àwọn ènìyàn sẹ́yìn, wọ́n sì tún bu ẹnu àtẹ́ lu ìwà wọn, pàápàá jù lọ ìwà àwọn obìnrin. Títí di òní ni àwọn ọmọ Wélsì ń pe ìwé náà ní ìwé ọ̀dàlẹ̀.

Láàárín ọ̀rúndún náà, ìyà kan wà ní àwọn ilé-ìwé kan níbẹ̀. Ọmọ tí olùkọ́ bá gbọ́ èdè Wélsì lẹ́nu rẹ̀, wọ́n á so pátákó kékeré kan mọ́ ọn lọ́rùn. Kò ní bọ́ ọ títí yóò fi rí ọmọ mìíràn tó ń sọ èdè náà, kí ó tó gbé e kọ́ tọ̀hún lọ́rùn. Ẹni tí pátákó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí ilé-ìwé bá fẹ́ parí, òun ni yóò jẹ ẹgba. Ẹ wo ọgbọ́n burúkú! Kì í ṣe pé wọ́n na ọmọ nìkan. Wọ́n sọ ọmọ di amí fún ọmọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n ti gbowó ìtanràn lọ́wọ́ yín rí ní ilé-ìwé nítorí pé ẹ sọ Yorùbá, ẹ kò ní béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ mi.

Ọ̀pọ̀ òbí wá gbà pé èdè ilé kò lè mú ọmọ dé ibì kankan. Iṣẹ́ èédú àti irin fa àjèjì púpọ̀ wọ gúúsù Wélsì. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n Gẹ̀ẹ́sì tún wọlé tọ̀ wọ́n wá. Ní ọdún 1911, ènìyàn bí 43 nínú 100 ló ń sọ èdè Wélsì. Nígbà tó fi máa di ọdún 1961, ó ti já sí 26.

Èdè náà ìbá ti kú pátápátá bí kò bá ṣe pé àwọn kan ti fún un ní egungun ẹ̀yìn láti ìgbà pípẹ́. William Morgan, àlùfáà ìjọ kan ní abúlé Llanrhaeadr-ym-Mochnant, ló túmọ̀ Bíbélì lódindi sí èdè Wélsì. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1588. Ẹni tó bá mọ ohun tí iṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fún àkọsílẹ̀ Yorùbá yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Èdè tí òfin lé kúrò ní ilé-ẹjọ́ rí ibùjókòó nínú ilé Ọlọ́run. Láti nǹkan bí ọdún 1731, àlùfáà mìíràn, Griffith Jones ti Llanddowror, bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn olùkọ́ káàkiri. Wọn yóò dúró ní abúlé kan fún oṣù mélòó kan, ní ìgbà tí iṣẹ́ oko bá dẹ̀, wọn yóò kọ́ tọmọdé tàgbà ní ìwé kíkà ní èdè wọn, wọn yóò sì ká ẹrù lọ sí abúlé mìíràn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́ di ẹni tó lè kàwé.

Nísinsìnyí a dé ọ̀dọ̀ ẹni tí àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń fi ṣe olórí akọni èdè Wélsì: Saunders Lewis. Ọdún 1893 ni wọ́n bí i, ọdún 1985 ló kú. Òǹkọ̀wé eré-oníṣe ni, lámèyítọ́ ni, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó dá ẹgbẹ́ òṣèlú Plaid Cymru sílẹ̀ ní ọdún 1925. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1936, òun àti Lewis Valentine, tí ó jẹ́ àlùfáà, àti D. J. Williams, tí ó jẹ́ olùkọ́ àti òǹkọ̀wé, ti iná bọ ibùdó kan ní Penyberth. Ìjọba ń kọ́ ibẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun òfuurufú láti máa fi kọ́ bí a ti ń ju bọ́ǹbù. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi rìn lọ bá àwọn ọlọ́pàá. Ní Caernarfon, àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti gbọ́ ẹjọ́ náà kò lè fohùn ṣọ̀kan pé wọ́n jẹ̀bi. Ni wọ́n bá gbé ẹjọ́ náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti rán wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù 9. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí Lewis ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Swansea sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1962, Lewis sọ àsọyé kan lórí rédíò. Ó pe àkọlé rẹ̀ ní *Tynged yr Iaith*, èyí tí a lè pè ní Àyànmọ́ Èdè Náà. Ó ní bí nǹkan bá ń lọ bí ó ti ń lọ, èdè Wélsì kò ní sí lẹ́nu alààyè mọ́ ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkànlélógún. Ó ní ẹ̀bẹ̀ kò lè gbà á là. Ìjàngbara nìkan ló lè gbà á. Àsọyé náà mi ilẹ̀ náà tìtì, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: nígbà tí Lewis ń wá àpẹẹrẹ ohun tó yẹ kí ènìyàn ṣe, kò fi Penyberth tirẹ̀ ṣe é. Ìdílé Beasley ló tọ́ka sí.

Llangennech, nítòsí Llanelli, ni tọkọtaya yìí ń gbé. Ní ọdún 1952, ìjọba ìbílẹ̀ agbègbè wọn fi ìwé owó-orí ilé ránṣẹ́ sí wọn, bí ó ti máa ń ṣe sí gbogbo onílé. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé náà. Wọ́n kọ̀wé padà pé àwọn yóò san owó náà, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ ní èdè Wélsì. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kò sọ pé àwọn kò ní sanwó. Wọn kò sun ilé ẹnikẹ́ni. Wọn kò bú ẹnikẹ́ni. Ìwé pélébé kan ni wọ́n ní kí wọ́n kọ ní èdè tí púpọ̀ jù lọ àwọn ará agbègbè náà ń sọ.

Ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀. Wọ́n pè wọ́n lẹ́jọ́; wọ́n dé ilé-ẹjọ́, wọ́n ní kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà ní èdè Wélsì. Wọ́n tún pè wọ́n, wọ́n tún lọ. Ó lé ní ìgbà méjìlá tí wọ́n fi ojú ba ilé-ẹjọ́. Àwọn akódà ilé-ẹjọ́ wá sí ilé wọn léraléra, wọ́n ń kó àga, wọ́n ń kó tábìlì, wọ́n gbé dùùrù ilé lọ. Àwọn ọmọ wà nínú ilé nígbà tí ilé ń ṣófo. Owó oṣù awa-èédú kò tó èyí tí ènìyàn fi ń ra àga tuntun lọ́dọọdún. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi wà lẹ́nu rẹ̀. Ní ọdún 1960, ìwé owó-orí dé, èdè Wélsì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì.

Ìdí mẹ́ta ni mo fi gbé wọn ṣíwájú Saunders Lewis àti gbogbo àwọn tó kù.

Èkíní, ẹni tó kọ̀ fún wọn kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Lewis sọ ọ́ nínú àsọyé rẹ̀ pé gbogbo àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ náà ló ń sọ èdè Wélsì, àwọn òṣìṣẹ́ wọn náà sì ń sọ ọ́. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Àwọn ọkùnrin tó ń fi èdè Wélsì gbàdúrà ní ọjọ́ ìsinmi, tí wọ́n ń fi í bá aya wọn sọ̀rọ̀, ni wọ́n rò pé ó tàbùkù bí wọ́n bá fi í kọ ìwé ìjọba ní ọjọ́ Ajé. Ẹni tó bá bá àjèjì jà yóò rí ẹni yìn ín. Ẹni tó bá bá ará ilé rẹ̀ jà lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, alárìíwísí ni wọn yóò pè é.

Èkejì, kò sí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn tó ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ẹni tó bá ń lọ sí ẹ̀wọ̀n pẹ̀lú orin lẹ́nu àwọn èrò lẹ́yìn rẹ̀ ní alábàárù. Obìnrin tó jókòó nínú ilé tí akódà ti kó àga rẹ̀ lọ kò ní ẹnìkan. Ohun tí ó ṣe ní ọdún kìíní ni ó tún ṣe ní ọdún keje.

Ẹ̀kẹta, ohun tí wọ́n ṣe jẹ́ ohun tí olúkúlùkù lè ṣe. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè kọ eré-oníṣe tàbí kó sọ̀rọ̀ lórí rédíò kí ilẹ̀ mì. Ṣùgbọ́n ta ni kò lè kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀? Èdè kì í gbé inú àsọyé. Inú ìwé owó-orí, inú ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ, inú lẹ́tà ilé ìfowópamọ́, ẹnu ọmọ tó ń ṣeré, ibẹ̀ ni ó ń gbé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà jẹ́rìí sí i. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1962, àwọn ọ̀dọ́ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún ìjà èdè, Cymdeithas yr Iaith Gymraeg. Ní ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdún 1963, wọ́n ṣe ìwọ́de wọn àkọ́kọ́ ní Aberystwyth. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì bíi tiwa yìí, láti Aberystwyth àti Bangor. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ilé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n ń retí kí ọlọ́pàá mú wọn, kí wọ́n lè béèrè ìwé ìpè-ẹjọ́ ní èdè Wélsì. Ọlọ́pàá kò dá wọn lóhùn. Àwọn kan nínú wọn bá lọ jókòó sórí afárá Trefechan, ọkọ̀ kò lè kọjá. Ohun kan náà tí ìdílé Beasley béèrè ni àwọn náà ń béèrè: ìwé ìjọba, ní èdè onílẹ̀. Ní ọdún 1967, òfin kan jáde tó gba èdè Wélsì láyè díẹ̀ ní ilé-ẹjọ́ àti nínú ìwé ìjọba.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí pátákó ojú títì. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi ọ̀dà pa orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ́. Dafydd Iwan, akọrin tí a bí ní ọdún 1943, ni alága ẹgbẹ́ náà nígbà yẹn. Ní ọdún 1970, ó kọ̀ láti san owó ìtanràn, wọ́n sì sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n. Àwọn adájọ́ kan ní Wélsì ló dá owó jọ láti san ìtanràn náà kí wọ́n lè tú u sílẹ̀! Ọkùnrin kan náà yìí ló kọ orin *Yma o Hyd* ní ọdún 1983, orin tí àwọn agbábọ́ọ̀lù Wélsì gbé dání lọ sí ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé ní Qatar ní ọdún 2022.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1979, àwọn àgbà mẹ́ta wọ ilé òpó tẹlifíṣọ̀n tó wà ní Pencarreg, wọ́n sì pa á: Pennar Davies, àlùfáà àti òǹkọ̀wé, Meredydd Evans, onímọ̀ orin ìbílẹ̀, àti Ned Thomas, olùkọ́ yunifásítì. Ìjọba Ìlú Ọba ti ṣèlérí ìkànnì tẹlifíṣọ̀n kan ní èdè Wélsì, ó sì ti yẹ àdéhùn. Ilé-ẹjọ́ dá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́bi. Ní ọdún 1980, Gwynfor Evans, ẹni àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ Plaid Cymru rán lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ọdún 1966, sọ pé òun yóò bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá, òun kò sì ní jẹun títí òun yóò fi kú bí ìkànnì náà kò bá sí. Ní oṣù kẹsàn-án, kí ọjọ́ náà tó pé, ìjọba yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 1982, ìkànnì S4C bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ sì má gbàgbé pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ Gwynfor dàgbà ní Barry. Ṣe ni ó kọ́ èdè àwọn baba rẹ̀ bí ẹní kọ́ṣẹ́.

Mo mọ̀ pé gbogbo wa kò lè sùn ká kọrí síbì kan náà. Àwọn kan yóò sọ pé ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣe kò bófin mu. Òótọ́ ni pé Penyberth jóná, pátákó sì bàjẹ́. Ẹni tó bá rò pé iná sísun ti kọjá ààlà, n kò ní bá a jiyàn. Ìdí mìíràn nìyí tí mo fi yan ìdílé Beasley. Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n dá ni pé wọ́n dúró de ìwé tí wọ́n béèrè.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé iṣẹ́ náà já sí asán, nítorí pé nígbà ìkànìyàn ọdún 2021, àwọn tó ń sọ èdè Wélsì kò ju 17.8 nínú 100 lọ, iye tó kéré sí ti ọdún 1961. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, n kò sì ní fi ọwọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Òfin ọdún 1993 àti ti 2011 ti fún èdè náà ní ipò nínú iṣẹ́ ìjọba; ìjọba Wélsì sì ti fi í ṣe àfojúsùn pé kí àwọn tó ń sọ ọ́ pé 1,000,000 nígbà tí ó bá fi di ọdún 2050. Ṣùgbọ́n òfin kò lè wọ yàrá ìyá kó ní kí ó fi èdè kan rẹ ọmọ lẹ́kún. Síbẹ̀, ẹ rántí ohun tí Lewis sọ ní ọdún 1962. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkànlélógún ti dé, ó ti kọjá, ènìyàn tó lé ní 538,000 ṣì ń sọ èdè tí ó yẹ kó ti kú. Ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń fi èdè Wélsì kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, tí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Aberystwyth ní ọdún 1939 pẹ̀lú ọmọ 7 lábẹ́ Norah Isaac, ti wá tàn ká gbogbo ilẹ̀ náà. Aláìsàn tó ń mí kò jọ òkú.

Ẹ̀kẹta nínú àwọn àríwísí yìí ló sì nira jù: ṣé ọmọ Wélsì tí kò gbọ́ èdè náà kì í ṣe ọmọ Wélsì ni? Ọmọ Wélsì ni o. Ó ju mẹ́jọ nínú mẹ́wàá wọn lọ tí kò gbọ́ ọ. Ẹni tó bá fi èdè ya ọmọ ìyá nípa ti ba iṣẹ́ èdè jẹ́. Bevan tó wo aláìsàn sàn kò béèrè èdè tí ó ń sọ. Akéwì R. S. Thomas, tí ó ti dàgbà kó tó kọ́ èdè náà, Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń kọ ewì títí ó fi kú ní ọdún 2000. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fẹ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀, èdè Wélsì ni ó fi kọ ọ́. *Neb* ni ó pe ìwé náà, èyí ni pé kì í ṣe ẹnikẹ́ni.

Ilẹ̀ Wélsì kò jìnnà sí wa tó bí a ti rò. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, William Hughes, oníwàásù ọmọ Wélsì tó ti ṣiṣẹ́ ní Kóńgò, dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Colwyn Bay fún àwọn ọ̀dọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà. Mojọlá Agbebi, àlùfáà ọmọ Yorùbá, bá a ṣe pọ̀ lórí iṣẹ́ náà. Agbebi yìí kan náà ni ó ń jẹ́ David Brown Vincent tẹ́lẹ̀, tí ó bọ́ orúkọ àjèjì sílẹ̀ ní ọdún 1894, tí ó sì ń wọ aṣọ Yorùbá níbikíbi tí ó bá lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ti tú ká láti ọdún 1912, ṣùgbọ́n ohun tí Agbebi ṣe àti ohun tí Eileen Beasley ṣe, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè. A ń kọ́ nípa fonẹ́tíìkì àti gírámà Yorùbá, a ń tú ewì palẹ̀, ó dára. Ṣùgbọ́n èdè wo ni a fi ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá? Èdè wo ni a fi ń kọ lẹ́tà sí olórí ẹ̀ka wa, tí òun náà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú èdè Yorùbá? Ta ni nínú wa tó ti dé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ rí, níbi tí akọ̀wé, káńsílọ̀ àti ẹ̀ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà ti ń fi Yorùbá tàkúrọ̀sọ, tí ó ní kí wọ́n fún òun ní fọ́ọ̀mù ní èdè yẹn?

Wọn yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọn yóò ní kò sí irú rẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún Eileen Beasley nìyẹn ní ọdún 1952. Ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́. Kí a padà lọ béèrè lọ́jọ́ kejì.